Bátìrì Kékeré Tó Mú Kí Rédíò Dádì Sùúrùlérè Gbàgbé Ohun Gbogbo

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: èmi ni mo pa rédíò náà. Kì í ṣe NEPA, kì í ṣe àrá, kì í sì í ṣe oníṣẹ́ ọwọ́ kankan ní Múṣin. Èmi tí mo ń kàwé gboyè kejì nínú ìmọ̀ físíìsì, tí mo tún ń kọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì fún yín níbí, ni mo fi ọwọ́ ara mi yọ bátìrì kékeré kan kúrò nínú rédíò tó ti wà nílé kí wọ́n tó bí mi. Kí n tó mí sókè mí sílẹ̀, ó ti gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló ni ín. Dádì Sùúrùlérè ni gbogbo ọmọ inú ẹbí ń pè wọ́n, torí wọn ò kúrò ní Sùúrùlérè láti ìgbà tí wọ́n ti débẹ̀, kò jìnnà sí Ojúẹlẹ́gba. Nínú pálọ̀ wọn, lórí tábìlì kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ife tíì lé, ni rédíò náà máa ń wà. Icom IC-R71 ni, wọ́n ṣe é ní Japan ní àwọn ọdún 1980. Kì í ṣe rédíò tí a fi ń gbọ́ FM o. Rédíò àwọn amateur ni, àwọn tó ń fi ìfẹ́ inú ara wọn ṣe iṣẹ́ rédíò láìgba owó, àti ti àwọn tó fẹ́ràn láti máa ṣọdẹ ohùn tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Láti 100 kHz títí dé 30 MHz ló ń gbọ́. Kò lè sọ̀rọ̀. Gbígbọ́ nìkan ni tirẹ̀. Ó ní àyè 32 tí ẹ lè tọ́jú ìkànnì sí, kí ẹ má baà máa yí bọ́tìnì kiri ní gbogbo alẹ́.

Àyè 32 yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ìgbì kúkúrú, tí àwọn bàbá wa ń pè ní ṣọ́ọ̀tì wéèfù, yàtọ̀ sí FM. Ìgbì FM máa ń lọ tààrà bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Tó bá kúrò ní Èkó, kò ní pẹ́ rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà. Ìgbì kúkúrú ní tirẹ̀ máa ń gòkè lọ kan ìpele kan lójú sánmà, tí wọ́n ń pè ní ionosphere, tí ìtànṣán oòrùn ti sọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ di ohun tó gbé iná mànàmáná sára. Á ta padà wá sílẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù tó kan ògiri, á tún ta lọ sókè. Báyìí ni ohùn ẹni tó wà ní London ṣe ń dé Ojúẹlẹ́gba láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, láìsí dátà.

Ní ọdún 1996, nígbà ìjọba Abacha, ìyẹn kì í ṣe eré. Ní June 4 ọdún náà ni wọ́n yìnbọn pa Kúdíráátù Abíọ́lá ní Èkó. Àwọn tó ń jà fún ìjọba tiwa-n-tiwa wá gbé ilé iṣẹ́ rédíò kan dìde lórí ìgbì kúkúrú láti òkè òkun, òun la wá mọ̀ sí Radio Kudirat. Dádì Sùúrùlérè máa ń gbọ́ ọ lálẹ́, wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á fi gbohùngbohùn bo etí. Wọ́n tọ́jú ìkànnì rẹ̀ sí àyè kẹtàdínlógún, wọn ò sì fi nǹkan mìíràn síbẹ̀ títí di ọjọ́ tí èmi dé pẹ̀lú irinṣẹ́ mi.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo ti kà pé pátákó mẹ́mórì inú rédíò yìí ní bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan tó máa ń kú nígbà tó bá yá. Mo wọ̀n ọ́n: fóltì 2.6 dípò 3. Mo ní, ó ti ń rẹ̀ ẹ́, kí n tètè pààrọ̀ rẹ̀ kó tó dákẹ́. Ṣé ẹ rí i, èrò rere ni. Mo pa rédíò, mo yọ wáyà rẹ̀ lára iná, mo gbé soldering iron, mo yọ́ lẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ bátìrì méjèèjì, mo sì yọ ọ́ bí ẹni ń yọ bátìrì aago ògiri. Mo jó tuntun mọ́ ọn. Mo tan rédíò. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn ṣòkòtò, bọ́tìnì kan ò dáhùn, kódà ariwo ṣààà tí rédíò máa ń pa ò sí níbẹ̀. Dádì Sùúrùlérè kàn wò mí, wọ́n ní, "Ṣé ìwọ náà lo máa ń kọ́ àwọn èèyàn ní sáyẹ́ǹsì?"

Kí ló ṣẹlẹ̀? Mẹ́mórì inú pátákó yẹn jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní RAM. Nínú rẹ̀, oókan tàbí òdo kọ̀ọ̀kan ni transístọ̀ mélòó kan ń dì mú. Ẹ fojú inú wo ẹni méjì tó ń ja gídígbò, tí wọ́n so mọ́ra, tí ìkínní ń ti èkejì. Bí ọ̀tún bá wà lókè, oókan ni. Bí òsì bá wà lókè, òdo ni. Wọ́n lè dúró bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún, ṣùgbọ́n agbára iná ló ń gbé wọn ró. Yọ iná, àwọn méjèèjì á ṣubú. Tí iná bá tún padà dé, wọ́n á dìde, àmọ́ wọn ò ní rántí ẹni tó wà lókè tẹ́lẹ̀; oníkálukú á kàn dúró bó ṣe wù ú. Ìdí nìyẹn tí bátìrì tuntun mi kò fi wúlò. Iná ti padà sínú mẹ́mórì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìsọkúsọ ló kún inú rẹ̀, ọpọlọ rédíò sì ń ka ìsọkúsọ náà, kò mọ ohun tó máa fi ṣe.

Ẹni tó bá ti ń tẹ iṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà tí kò tíì tọ́jú rẹ̀ rí, tí wọ́n wá mú iná lọ, mọ ohun tí mo ń wí.

Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe ìkànnì 32 nìkan ló wà nínú RAM yìí. Àwọn ìtọ́ni kan tí ọpọlọ rédíò kò lè ṣiṣẹ́ láìsí wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n kọ wọ́n síbẹ̀ nílé iṣẹ́ kí rédíò tó jáde, bátìrì kékeré yẹn ló sì ń ṣọ́ wọn láti ọjọ́ náà. Ẹ má bú wọn jàre. Nígbà yẹn, mẹ́mórì tí kì í gbàgbé wọ́n, kò sì rọrùn láti kọ nǹkan tuntun sí i. RAM tó ní bátìrì tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́pọ̀ nínú ẹ̀rọ ìgbà náà, ó dà bí ilé tó ní ínfátà. Kọ̀ǹpútà ilé yín náà ṣì ní irú bátìrì bẹ́ẹ̀. Òun ló máa ń kú tí kọ̀ǹpútà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọdún tó ti kọjá tipẹ́ la wà.

Bátìrì náà kì í sì í tètè kú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bátìrì CR2032, irú tó máa ń wà nínú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, gbé nǹkan bíi milliamp-hour 220. Tí RAM kan bá ń mu microamp 2 péré, ìyẹn ìdá méjì nínú mílíọ̀nù ìdá ámù kan, bátìrì náà á gbé e fún wákàtí 110,000. Ó lé ní ọdún 12. Àwọn mìíràn máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ rédíò àwọn ọdún 1980 ti pé ogójì ọdún báyìí tàbí kó súnmọ́ ọn. Ní ti ti Dádì, iná ló ń jó lórí òrùlé tí a sùn sábẹ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ bí mẹ́mórì yìí ṣe kéré tó, torí ó yà mí lẹ́nu. Ẹ rò ó bí àdúgbò tó ní ojúlé 1,024, ojúlé kọ̀ọ̀kan ní yàrá mẹ́rin bíi fési-mi-n-fési-ẹ, yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní gílóòbù kan: ó tàn tàbí kò tàn. Wáyà mẹ́wàá ni wọ́n fi ń pe ojúlé, torí tí ẹ bá sọ 2 di ìlọ́po ara rẹ̀ nígbà mẹ́wàá, 1,024 ni. Wáyà mẹ́rin ni wọ́n fi ń wo inú yàrá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ bit 4,096, ìyẹn byte 512. Ọ̀rọ̀ WhatsApp tí àǹtí yín fi ránṣẹ́ láàárọ̀ lónìí gùn jù ú lọ. (Ẹni tó bá mọ Ifá díẹ̀ á ti fura sí byte. Ojú ilà mẹ́jọ ni Odù kan ní lórí ọpọ́n, ojú kan jẹ́ ẹyọ tàbí méjì, àpapọ̀ Odù sì jẹ́ 256. Byte kan jẹ́ bit mẹ́jọ, ohun tó lè jẹ́ sì jẹ́ 256. Bàbá tó ń tẹ ìyẹ̀rosùn ń kọ byte, ó tún ń nu ún kúrò fún èyí tó kàn. RAM gan-an nìyẹn.)

Byte 512 ni mo wá ń wá kiri ayé báyìí.

Ohun tó gbà mí ni pé èmi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe irú ìwà yìí. Irú pátákó kan náà wà nínú àwọn rédíò Icom ìgbà náà mìíràn, bíi IC-745 àti IC-751, ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé sì ti bá a jìjàkadì. Àwọn kan ti ka ohun tó wà nínú pátákó tiwọn nígbà tó ṣì ń mí, wọ́n sì pín in. Àwọn mìíràn ti ṣe pátákó tuntun tí kò nílò bátìrì rárá, tí ẹ kàn máa fi rọ́pò. Ìyẹn ló dára jù tí owó bá wà. Owó ò sí lọ́wọ́ tèmi, àmọ́ Arduino kan wà ní láàbù wa ní Yaba tí ẹnikẹ́ni ò lò.

Arduino Uno ní ẹsẹ̀ 20 tí ẹ lè fi ránṣẹ́ tàbí gbà á. Méjì ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ó ku 18. Mo nílò mẹ́wàá fún ojúlé, mẹ́rin fún yàrá, ọ̀kan láti jí chip náà, ọ̀kan láti sọ fún un pé "kọ ọ́ báyìí". Mẹ́rìndínlógún. Ó sì dùn mọ́ mi pé fóltì 5 ni àwọn méjèèjì ń lò. Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé: pe ojúlé òdo, gbé iye tó yẹ kalẹ̀, sọ pé kó kọ, bọ́ sí ojúlé tó kàn, títí dé 1,023. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan tó fi kọ gbogbo rẹ̀ tán.

Èyí tó jẹ́ kí n lo ọ̀sẹ̀ méjì ni pé mo gbàgbọ́ pé ó ti kọ ọ́. Mo gbé pátákó náà lọ sí Sùúrùlérè, ọkọ̀ kóró ni mo wọ̀, mo gbé e sórí itan bí ẹyin. A tan rédíò, ó tún dákẹ́. Nígbà tí mo padà dé láàbù ni mo wá jẹ́ kí Arduino ka ohun tó kọ padà fún mi, mo sì fi wé fáìlì: ojúlé mẹ́ta ò bára mu. Wáyà kan ló ń mì. Tí mo bá ti kà á padà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, ọ̀rọ̀ ìbá ti tán. Lẹ́yìn tí mo ti mú wáyà le, mo kọ ọ́, mo kà á nígbà mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ bára mu. Mo ti kọ́kọ́ jó bátìrì tuntun mọ́ ọn ṣá o, kí ó lè máa gbé mẹ́mórì náà ró nígbà tí mo bá yọ Arduino.

Kí ẹ tó ṣe irú àṣìṣe mi, ẹ gbọ́ bó ṣe yẹ kí n ti ṣe é. Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ní RAM àti bátìrì, ẹ má yọ bátìrì àtijọ́ láìjẹ́ pé iná mìíràn ti wà níbẹ̀. Bátìrì pẹ́ńsù méjì tí ẹ so pọ̀ á fún yín ní fóltì 3. Ẹ so wọ́n mọ́ ojú ibi tí bátìrì àtijọ́ wà, kí ẹ fi díódì kan sí àárín kí iná má baà máa ṣàn láti ara bátìrì kan sí èkejì, torí bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí kì í ṣe ti chájì lè bẹ́ tí iná bá ń wọ inú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ tó lè yọ ti àtijọ́. Àwọn kan máa ń pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí rédíò ṣì wà lórí iná, kí rédíò fúnra rẹ̀ máa bọ́ mẹ́mórì. Èyí lè dára ní ìlú wọn. Ní Èkó níbí? Ẹ jọ̀ọ́.

Ohun kejì ni soldering iron. Ọ̀pọ̀ ilé wa ni kò ní wáyà ilẹ̀ gidi, iná díẹ̀ sì máa ń jò sí ẹnu irin náà. Kò tó láti gbé ọwọ́ yín, ṣùgbọ́n ó tó láti ti àwọn oníjàkadì inú RAM ṣubú. Ẹ jẹ́ kí irin gbóná dáadáa, kí ẹ yọ ọ́ lára iná, kí ẹ tó fi kan pátákó. Tó bá tutù, ẹ tún kì í bọ iná. Ó máa ń gba sùúrù, pàápàá tí ẹ bá ń lo jẹnẹrétọ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní rédíò tó dàgbà ju òbí yín lọ. Èyí tó ṣeé ṣe kó wà lọ́wọ́ yín ni ti ìfàlọ́wọ́, bíi Baofeng UV-5R tàbí Quansheng UV-K5. Mẹ́mórì tiwọn kì í gbàgbé nítorí iná. EEPROM ni wọ́n ń pè é. Nínú rẹ̀, wọ́n máa ń ti electron gba inú awọ tín-ín-rín kan tí iná kì í sábà gbà kọjá, wọ́n á há mọ́ inú àpótí kékeré kan tí kò ní ilẹ̀kùn. Bí electron bá wà nínú àpótí, iye kan ni. Bí kò bá sí, iye kejì ni. Tí ẹ bá yọ iná, àpótí ò mọ̀. Tí RAM bá jẹ́ ìyẹ̀rosùn, ilà ojú ni EEPROM: ẹ lè wọ òkùnkùn, ilà yín wà níbẹ̀.

Nínú UV-K5, chip náà ń jẹ́ 24C64, ó gba kilobyte 8. Àwọn tó ń tún sọ́fítíwíà rédíò yìí kọ rí i pé àyè yẹn kéré, ni wọ́n bá ń yọ ọ́, wọ́n ń fi 24M02 tó gba kilobyte 256 síbẹ̀, ìlọ́po 32. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ péré ni chip náà ní. Ẹni tó bá ti pààrọ̀ ẹnu chájà fóònù rí lè ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Yaba ṣe é ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó sì mọ́ tónítóní. Kò kọ́kọ́ da ohun tó wà nínú ti àtijọ́ kọ. Nínú kilobyte 8 yẹn, byte 512 tó wà lẹ́yìn pátápátá ni ìwọ̀n tí wọ́n wọn rédíò náà gan-an nílé iṣẹ́: bó ṣe ń mọ̀ pé bátìrì ti ń tán, bí agbára tó fi ń sọ̀rọ̀ ṣe pọ̀ tó lórí ìgbì kọ̀ọ̀kan, ibi tó ti yẹ kó pa ariwo mọ́. Rédíò méjì kì í ní ìwọ̀n kan náà. Ó yá ti ẹlòmíràn lò, rédíò rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n títí dòní ló ń sọ pé bátìrì kún nígbà tó ti fẹ́ kú. Byte 512 kan náà tó gbò mí nìyẹn o! Ẹ so wáyà rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ da gbogbo mẹ́mórì kọ sí fáìlì, ẹ fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ara yín lórí email, kí ẹ tó gbé irin.

Bí a ṣe wà níbẹ̀: rédíò wọ̀nyí ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe gbígbọ́ nìkan. Tí ẹ bá tún mẹ́mórì rẹ̀ kọ, ẹ lè ṣí ibi tí wọ́n ti tì. Láti 118 sí 137 MHz jẹ́ ti ọkọ̀ òfurufú, Múṣin ò sì jìnnà sí pápákọ̀ Ìkẹjà. Ẹ má tẹ bọ́tìnì ọ̀rọ̀ níbẹ̀ láé, kódà fún eré. Àwọn amateur ní àyè tiwọn, láti 144 sí 146 MHz lágbègbè wa, ìwé àṣẹ ìjọba lẹ fi ń wọ ibẹ̀, ẹ ó sì gba orúkọ ìpè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N. Gbígbọ́ ló kọ́kọ́ máa ń dùn jù lọ́nàkọnà.

Ní alẹ́ tí rédíò Dádì jí, ojú rẹ̀ tàn yòò, ariwo ṣààà kún pálọ̀. Dádì Sùúrùlérè yí bọ́tìnì mẹ́mórì: ìkànnì kan, ìkejì, ìkẹta. Wọ́n dúró. "Ta ló ni gbogbo ìwọ̀nyí?" Kò sí èyí tó jẹ́ tiwọn níbẹ̀. Ẹni tí mo rí fáìlì rẹ̀, níbikíbi tó wà láyé, ìkànnì 32 tirẹ̀ ló bá a wá. Inú mi ṣubú. Byte 512 tó ti ara Dádì jáde lọ́jọ́ náà kò sí níbì kankan mọ́, Arduino kankan ò sì lè wá a rí.

Wọ́n dìde, wọ́n lọ sí yàrá, wọ́n mú ìwé àkọsílẹ̀ kan wá tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n fi bírò búlúù kọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Èmi ń kà á, àwọn ń tẹ̀ ẹ́. Ní 7255 kHz, wọ́n dúró díẹ̀ wá Voice of Nigeria. Nígbà tí a dé àyè kẹtàdínlógún, mo ka nọ́ḿbà náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́, a gbọ́ ṣààà nìkan. Mo bi wọ́n bóyá ká fi nǹkan mìíràn síbẹ̀. Wọ́n ní rárá, kí n ka èyí tó kàn.

Mo ti ka mẹ́mórì náà lẹ́yìn ìyẹn, mo da á kọ síbi mẹ́ta. Mo sì fi máákà kọ ọjọ́ tí mo jó bátìrì tuntun náà sí abẹ́ ìdérí rédíò.